Ètò Ìsọfúnni Àjọlò ní Èbúté

Ètò ìsọfúnni àjọlò èbúté ni ètò orí kọ̀ǹpútà tí gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ ẹrù kàn jọ ń lò: iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, àwọn tó ń já ẹrù, aṣọ́bodè, ajẹ́ntì, onítírélà. Ẹnì kan á kọ ọ̀rọ̀ ẹrù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kálukú á sì rí ìwọ̀n tó tọ́ sí i níbẹ̀. Láyé ìwé, ajẹ́ntì á kọ nọ́ńbà kọ̀ntéńà fún aṣọ́bodè, á tún un kọ fún èbúté, á tún un kọ fún onítírélà. Bó bá ṣì í kọ níbì kan ṣoṣo, ẹrù dúró nìyẹn, owó ìdúró sì ń gorí owó. Lẹ́tà mẹ́rin àti òǹkà méje ni nọ́ńbà ọ̀hún. Láti ara àwọn tó ṣáájú ni wọ́n ti ń ṣírò òǹkà tó gbẹ̀yìn, kí kọ̀ǹpútà lè tètè mọ̀ pé ẹnì kan ti tẹ̀ ẹ́ ṣì.

Hamburg ní Jámánì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dáwọ́ lé e. Wọ́n dá DAKOSY sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1982, àwọn ajẹ́ntì, aṣojú ọkọ̀ àti iléeṣẹ́ èbúté ló sì jọ ni ín. Singapore gbé TradeNet kalẹ̀ ní 1989. Rotterdam àti Amsterdam pa tiwọn pọ̀ di Portbase ní 2009. Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, Lomé ti ní fèrèsé kan ṣoṣo, ìyẹn ojú kan tí gbogbo ìwé ń gbà wọlé, fún òwò òkèèrè láti 2014. Àjọ tó ń rí sí ìrìn ọkọ̀ ojú omi lágbàáyé, IMO, sọ fèrèsé bẹ́ẹ̀ di dandan fún ìwé ọkọ̀ tó ń wọlé tàbí tó ń jáde láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2024.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó máa ni ètò náà ló ṣòro jù, kì í ṣe ẹ̀rọ. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi Maersk àti iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ kan, TradeLens, jáde ní 2018. Owó wà, ìmọ̀ wà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi àṣírí oníbàárà rẹ̀ sínú ilé tí abánidíje rẹ̀ kọ́? Àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ ńlá kan dara pọ̀ nígbà tó yá, síbẹ̀ ní oṣù kọkànlá 2022 Maersk kéde pé àwọn máa tì í pa, nítorí pé ìfọwọ́sowọ́pọ̀ gbogbo àgbáyé tí wọ́n ń retí kò wáyé.

Àjọlò náà ní ewu tirẹ̀. Láàárín 2011 sí 2013, àwọn tó ń kó kokéènì wọ Antwerp ní Bẹ́ljíọ̀mù gba ẹ̀yìn wọ kọ̀ǹpútà àwọn iléeṣẹ́ èbúté. Wọ́n rí ibi tí kọ̀ntéńà wà àti nọ́ńbà àṣírí tí wọ́n fi ń gbé e, wọ́n sì rán dírẹ́bà tiwọn kí ti ẹlẹ́rù tó dé. Ní 2021, èbúté náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ètò mìíràn rọ́pò nọ́ńbà yẹn: orí kọ̀ǹpútà ni ẹ̀tọ́ láti gbé ẹrù ti ń kúrò lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ọkọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ajẹ́ntì, títí tí yóò fi kan onítírélà.