Àwọn Tí Ó Kọ́ Holy Cross: Ìjọ Àgùdà àti Ilé Rẹ̀ ní Èkó

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn ìjọ Kátólíìkì kan ní Ire-Akárí, tàbí níbòmíràn ní àgbègbè Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, kò lè ṣàì padà sí Erékùṣù Èkó, níbi tí Holy Cross, kàtídírà gbogbo ìjọ wọ̀nyí, wà. Àṣà tí ó wọ́pọ̀ nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni láti to orúkọ àwọn àlùfáà tẹ̀ léra: ẹni tí ó dé, ẹni tí ó lọ, ẹni tí ó rọ́pò rẹ̀. Bí a bá gba ọ̀nà yìí, ọdún 1863 ni ìtàn Holy Cross yóò bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Francesco Borghero, míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní Lyon ní ọdún 1856, ti Wídà wá bẹ Èkó wò.

Ṣùgbọ́n Borghero bá àwọn onígbàgbọ́ níbẹ̀. Àwọn ni ọmọ Yorùbá tí a ti kó lẹ́rú lọ sí Brazil, àti àwọn tí a bí fún wọn lọ́hùn-ún, tí wọ́n gba òmìnira tí wọ́n sì padà wálé, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú ní Bahia ní ọdún 1835. Ọ̀kan nínú wọn, tí a ń pè ní Padre Antonio bí kò tilẹ̀ gba oyè àlùfáà, ni ó ń kó wọn jọ fún àdúrà. Ọdún 1868 ni Pierre Bouche tó wá fìdí kalẹ̀. Èdè Yorùbá pàápàá jẹ́rìí: Àgùdà ni a ń pe àwọn tí ó ti Brazil dé, ìjọ Àgùdà náà ni a sì ń pe ìjọ Kátólíìkì. Orúkọ ọmọ ìjọ ni ìjọ ń jẹ́, kì í ṣe ti àwọn Faransé tí ó ṣe olórí rẹ̀.

Ilé ìjọsìn ńlá tí a kọ́ láàárín 1878 àti 1881 mú ọ̀rọ̀ yìí ṣe kedere sí i. Àwọn àlùfáà ni ó ṣètò iṣẹ́ náà lóòótọ́. Síbẹ̀, orúkọ Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre, oníṣẹ́ ọwọ́ láti Brazil, ni ìtàn Èkó so mọ́ ọn. Iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà ni ọ̀pọ̀ Àgùdà bá bọ̀ láti òkè òkun. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn kún Pópó Àgùdà, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, ọnà náà sì tàn dé àwọn ìlú òkè. Ẹ̀sìn kò pààlà sí i: nígbà tí Mohammed Shitta Bey fẹ́ kọ́ mọ́ṣáláṣí, João Baptista da Costa, Àgùdà, àti Sanusi Aka ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Ọdún 1894 ni a ṣí i.

Ní àwọn ọdún 1930, kàtídírà tuntun tí a yà ní àwòrán Gothic ti Yúróòpù rọ́pò ilé àwọn Àgùdà. Kò sí ẹni tí yóò bá ìjọ tí ń pọ̀ sí i jà pé ó nílò ilé ńlá, Èkó sì di àgbègbè Áàṣíbíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1950. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí ó tóbi jù lọ nípa àwọn tí ó dá ìjọ náà sílẹ̀ ni a fi pààrọ̀. Kò sì dúró síbẹ̀: ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016 ni a wó Ilojo Bar, ilé Àgùdà tí ìjọba ti kéde láti ọdún 1956 pé kí a dáàbò bò.

Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí irú iṣẹ́ ọwọ́ tí ó gbé Holy Cross àkọ́kọ́ dìde yóò gba òpópó Martins lọ, sí mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey.