Bí Àwọn Aládùúrà Èkìtì Ṣe Ń Mú Ọkàn Dúró

Kí ọdún 1930 tó dé, inú ìwé ni ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ Èkìtì ti ń gbàdúrà. Ìwé Àdúrà Yorùbá ni ìjọ Áńgílíkà ti CMS ń lò, kò sì burú: ẹ̀bẹ̀ gígùn inú rẹ̀ ní ibi tí ìjọ ti ń dáhùn lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀wé, tó sì ti fi ọ̀sán kọ ebè, ọkàn rẹ̀ lè ti padà sóko kí àlùfáà tó ṣí ojú ewé kejì.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1928 ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, gba ìpè Ọlọ́run. Nígbà tí ìsọjí rẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooye, Iléṣà, ní 1930, àwọn èèyàn wa náà gbé ìgò omi tí wọ́n fẹ́ kó gbàdúrà sí fún ìwòsàn, wọ́n lọ. Kò pẹ́ tí wòlíì náà fi wọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, níbi tí wọ́n sin ín sí ní 1959. Ìròyìn náà tàn débi pé Dallimore, àgbà àlùfáà CMS ní Adó-Èkìtì, kọ àpilẹ̀kọ lórí àwọn ọmọlẹ́yìn ìsọjí náà, àwọn Aládùúrà Èkìtì, sínú ìwé ìròyìn ìjọ wọn ní 1931.

Ìwòsàn làwọn òpìtàn sábà máa ń sọ. Èyí tó jẹ mí lógún jù ni ọ̀nà tí àwọn Aládùúrà gbà kọ́ àgbẹ̀ àti alájàpá láti dúró sójú kan níwájú Ọlọ́run.

Ọ̀dọ̀ Yèyé tó bí bàbá mi ni mo ti mọ̀ ọ́n, ní Ìkéré. Bí agogo ọwọ́ bá ti dún lóru, Yèyé kì í gbàdúrà lórí ẹní. Á bọ́jú nínú omi tútù, á wé gèlè, á sì dúró gbọnrangandan. Sáàmù ló fi ń bẹ̀rẹ̀, èyí tó ti há sórí, nítorí kò mọ̀wé. Lẹ́yìn náà, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo: ojú àbúrò mi tó ń dùn ún, tàbí òjò tí kò rọ̀. Kò ní mú òmíràn kún un. Gbogbo wa á gba ẹ̀bẹ̀ náà sókè, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀, títí agogo á fi tún dún, ká tó bọ́ sórí òmíràn. Bí ohùn mi bá ti ń rẹlẹ̀, á pè mí: “Àjọkẹ́, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?”

Àwọn kan ń pe èyí ní ariwo. Mi ò gbà. Ẹni tó ń fi ohùn ara rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún ohun tó mọ̀ ṣòro fún oorun láti gbé. Ìdí kan náà ló ń gbé àwọn Aládùúrà gun orí òkè lọ gbàdúrà: kò sí ìpè ọmọ níbẹ̀, kò sí àlejò.

Lónìí, gbohùngbohùn ti gba àdúrà lẹ́nu ìjọ. Ẹnì kan á sọ ọ́ fún wákàtí kan, àwọn yòókù á ṣe Àmín, fóònù á wà lọ́wọ́ wọn. Ó ń dùn mí gan-an. Ní ìṣọ́ òru tí èmi ń darí, a ti gbé gbohùngbohùn sílẹ̀. Agogo Yèyé là ń lò, ẹ̀bẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, àwọn ọmọdé sì ń gbà á sókè ju àgbà lọ.