Ilé Ni A Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwọn àgbà tí ó pa òwe yìí kò fi mọ sórí aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ nìkan. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé iyì tí ènìyàn bá fẹ́ gbé dé ojú agbo, àdúgbò tí ó mọ ìwọlé-ìjáde rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi í wọ̀ ọ́. Bí òwe náà bá rú ẹnikẹ́ni lójú, kí ó yẹ wọ́ọ̀dù Latchmere wò, ní Battersea, ìlú kan tí ó jẹ́ ti àwọn òṣìṣẹ́ nígbà kan rí, ní gúúsù odò Thames, tí Lọ́ńdọ̀nù ti gbé mì.

Wọ́ọ̀dù kò ju òpópónà mélòó kan lọ, tí àwọn tí ń gbé ibẹ̀ ń yan kánsẹ́lọ̀ tí yóò jókòó fún wọn ní ìgbìmọ̀ ìlú. Kò sí ọ̀rọ̀ ogun níbẹ̀, kò sí ti adé. Ọ̀rọ̀ ilé gbígbé ni, àti ti pàǹtírí kíkó. Ṣùgbọ́n ní 1903, òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀ ìlú fúnra wọn ni ó kọ́ àwọn ilé Latchmere fún àwọn mẹ̀kúnnù, láìgbé e fún agbaṣẹ́ṣe kankan. Freedom Street wà níbẹ̀, Reform Street wà níbẹ̀, Joubert Street náà sì wà níbẹ̀, orúkọ ọ̀gágun àwọn Bóà Gúúsù Áfíríkà tí Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bá jagun tán. Ìlú tí ó ń fi orúkọ ọ̀tá ọba rẹ̀ sọ òpópónà, ẹ jẹ́ kí á gbà pé kì í ṣe ìlú ojo.

Nínú ìlú yìí ni John Richard Archer ti ń ya fọ́tò jẹun, ní Battersea Park Road, ọkùnrin tí wọ́n bí ní 1863, tí baba rẹ̀ ti Barbados wá, tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Ireland. Ní 1906 ni Latchmere yan aláwọ̀ dúdú yìí sí ìgbìmọ̀. Ní 1909 wọ́n yọ ọ́, ní 1912 wọ́n tún pè é padà. Àánú rẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń ṣe: ó jà títí owó ọ̀sẹ̀ òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀ tí ó kéré jù fi di ṣílè 32.

Ní oṣù kọkànlá 1913, àwọn kánsẹ́lọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í jẹ Méyọ̀, ìbò kan ṣoṣo ni ó sì fi borí. Àwọn kan ti ń tan án ká pé ará Burma ni. Archer dìde, ó ní abúlé kékeré kan báyìí ni wọ́n bí òun sí, bóyá ẹnikẹ́ni kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí: Liverpool! Liverpool tí ọkọ̀ òkun gbogbo ayé ń gúnlẹ̀ sí! Lẹ́yìn ẹ̀fẹ̀ ni ó wá sọ ọ́ láìfi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n pé iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni Battersea wò, kì í ṣe awọ ara rẹ̀.

Láti ibẹ̀ ni òkìkí rẹ̀ ti kàn. Ní 1918 ó di ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ African Progress Union, ní 1919 ó bá àwọn ọmọ adúláwọ̀ pé jọ ní Paris. Síbẹ̀ kò fojú kéré wọ́ọ̀dù: ní 1931 ó tún gbé àpótí ní wọ́ọ̀dù Nine Elms, wọ́n yàn án, orí àga kánsẹ́lọ̀ náà ni ó sì wà títí ó fi kú ní 1932.