Ìwé Ìkànìyàn àti Wíwá Ìran Ẹni ní Agbègbè Tchaourou

Kika jẹ́ ọ̀kan lára àwọn arrondissement méje tó para pọ̀ di kọ́múnù Tchaourou, ní ẹkùn Borgou, orílẹ̀-èdè Benin. Kọ́múnù náà bá Nàìjíríà pààlà ní ìlà-oòrùn. Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Nàgó, àwọn Bàríbá àti àwọn Fúlàní ni wọ́n jọ ń gbé ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ baba ńlá rẹ̀ níbẹ̀, oríkì àti ẹnu àgbà ni yóò kọ́kọ́ lọ bá. Ìwé kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í rántí, èyí tí ìjọba fi ka ènìyàn. Ó wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n kò ṣe é gbára lé láìmọ ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́. Nítorí owó ni.

Owó orí ló bí i

Ní 1894, Béhanzin, ọba Dahomey, bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Orúkọ Dahomey yìí ni Faransé wá fi pe gbogbo ilẹ̀ tó di Benin lónìí. Lẹ́yìn èyí ni Faransé kọjú sí àríwá. Ní oṣù kẹfà 1898, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí àdéhùn tó pín Borgu, ilẹ̀ àwọn Bàríbá, sí méjì: Nikki di ti Faransé, Bussa di ti Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1899, Faransé gbé owó orí kalẹ̀ ní Dahomey. Ẹni tí yóò gba owó orí gbọ́dọ̀ mọ iye orí tó wà nílé, ibẹ̀ sì ni kíka ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀.

Níbẹ̀rẹ̀, iye lásán ni wọ́n ń kọ. Olórí abúlé a sọ iye ọkùnrin àti obìnrin tó wà ní agbo ilé kọ̀ọ̀kan, akọ̀wé a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó yá ni wọ́n wá ń kọ orúkọ: baálé ilé lókè, àwọn ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àwọn ọmọ, àwọn àbúrò àti ìyá arúgbó tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ orí tí wọ́n fojú díwọ̀n. Ní Dahomey, obìnrin náà ń san owó orí, nítorí náà ni ìjọba kò ṣe lè fojú fo obìnrin nínú ìwé wọ̀nyí. Irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń wá ìran rẹ̀ ń fẹ́, torí ó so ènìyàn mọ́ agbo ilé.

Àwọn tí kò sí nínú ìwé

Ẹni tó mọ̀ pé torí owó ni wọ́n fẹ́ kọ orúkọ òun kò ní dúró dè wọ́n. Àwọn kan sá wọ igbó lọ́jọ́ ìkànìyàn, àwọn mìíràn fi ọmọ pamọ́. Owó orí, iṣẹ́ àfipáṣe àti kíkó ọmọ ogun nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní lé ọ̀pọ̀ ènìyàn sọdá sí Nàìjíríà. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju ti ṣàlàyé pé ọ̀nà ìṣọ̀tẹ̀ ni irú ìsákúrò bẹ́ẹ̀. Ní Borgou, jagunjagun Bàríbá kan, Bio Guéra, gbé ìjà ko Faransé, wọ́n sì pa á ní oṣù kejìlá 1916. Bí o kò bá rí àwọn ènìyàn rẹ nínú ìwé àsìkò yẹn, má tètè sọ pé wọn kò sí. Wá wọn ní òdìkejì ààlà.

Orúkọ náà gba ọgbọ́n. Akọ̀wé Faransé a máa kọ Àjàyí ní Adjayi, a kọ ìlú Ṣábẹ̀ẹ́ ní Savè. Kọ́kọ́ kọ gbogbo ọ̀nà tí wọ́n lè gbà kọ orúkọ náà kí o tó máa wá a. Ti Bàríbá tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọmọkùnrin àkọ́kọ́ ni Woru, èkejì ni Sabi, ẹ̀kẹta ni Bio, ẹ̀kẹrin ni Boni. Abúlé kan ṣoṣo lè ní Woru mẹ́wàá, àfi kí o mọ agbo ilé àti ìyá rẹ̀ kí o tó dá tìrẹ mọ̀. Síbẹ̀ orúkọ yìí ń sọ̀rọ̀: bí o bá rí Bio nínú ilé kan tí o kò rí Woru àti Sabi, ó ṣeé ṣe kí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú, tàbí kí wọ́n ti rìnrìn àjò.

Láti owó orí sí káàdì ìdánimọ̀

Ní oṣù kẹrin 1946, òfin fòpin sí iṣẹ́ àfipáṣe, ọ̀kan lára ohun tó ń mú kí ènìyàn sá fún ìwé. Ní 1950, Faransé tún ètò ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú ṣe ní àwọn ilẹ̀ rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ ẹni tí a kò kọ orúkọ wọn nígbà ìbí ni wọ́n wá lọ gba ìwé ilé ẹjọ́ nígbà tí wọ́n dàgbà, tí wọ́n sì kọ “né vers” sí i, ìyẹn ni pé a bí i ní nǹkan bí ọdún báyìí. Ìfojúdíwọ̀n ni irú ọdún bẹ́ẹ̀. Má fi ṣe ẹ̀rí.

Lẹ́yìn òmìnira 1960, ìkànìyàn gbogboogbò àkọ́kọ́ wáyé ní 1979, ó sì rí ènìyàn 3,331,210. Ti 1992 rí 4,915,555, ti 2002 rí 6,769,914, ti 2013 sì rí 10,008,749. Nínú ti 2013 yìí, 223,138 ni ti kọ́múnù Tchaourou. Iye nìkan ni wọ́n ń tẹ̀ jáde, àṣírí ni orúkọ. Ní 2017 sí 2018, ìjọba tún ṣe RAVIP, ètò tí wọ́n fi kọ orúkọ ará ìlú sílẹ̀ fún ìdánimọ̀. Ọwọ́ àjọ ANIP ni ètò ìdánimọ̀ wà báyìí.

Bí ó ṣe rí níbòmíràn

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n fi ń pa ìwé ìkànìyàn mọ́: ti 1921 jáde ní 2022. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 72 ni: ti 1950 jáde ní 2022 bákan náà. Níbẹ̀, ìwé 1870 ni àkọ́kọ́ tó kọ orúkọ gbogbo aláwọ̀ dúdú. Nínú àkọsílẹ̀ ẹrú ti 1850 àti 1860, abẹ́ orúkọ olówó wọn ni wọ́n kọ ọjọ́ orí àwọn ẹrú sí, láìsí orúkọ. Ní Freetown, ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú kọ orúkọ abínibí wọn sílẹ̀, Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn.

Ibi tí o ó ti bẹ̀rẹ̀

Ilé ni o ó ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ọ́fíìsì arrondissement, lẹ́yìn náà Ilé Àkójọ Ìwé Àtijọ́ ti orílẹ̀-èdè ní Porto-Novo, tó ti wà láti 1914. Díẹ̀ nínú ìwé ìjọba amúnisìn wà ní Dakar àti ní Aix-en-Provence ní Faransé. Kí o tó lọ síbikíbi, jókòó ti àwọn àgbà ilé rẹ, kọ orúkọ wọn, ti ìyá wọn, agbo ilé wọn àti oríkì wọn sílẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ìwọ̀nyí lọ́wọ́ yóò rí ogún Sabi nínú ìwé, kò sì ní mọ èwo ni baba ńlá rẹ̀.