Bí Èdè Ìgbò Ṣe Ń Dé Ẹnu Ọmọ

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn èdè Ìgbò látinú ìwé yóò kọ́kọ́ pàdé ọ̀rọ̀ tó ń tako ara wọn. Ìwé kan á ní ọdún 1777 ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, òmíràn á ní 1857 ni. Ẹnì kan á ní Bíbélì ló ba èdè náà jẹ́, ẹlòmíràn á ní ìjà àkọtọ́ ni, ẹni kẹta á sì fi ìdánilójú sọ pé àjọ àgbáyé UNESCO ti ní èdè náà ò ní í kọjá 2025. Ọ̀rọ̀ àkọtọ́ wà lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ èdè, ti Bíbélì wà nínú ìtàn ìjọ, ti ilé-ìwé wà nínú ìwé ìjọba; ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnì kan tó kó wọn sójú kan. Mo kó wọn jọ síbí kí a lè fi wọ́n dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ló ń gbé èdè Ìgbò láti ìran dé ìran, kí ló sì ń dí i lọ́nà? Èrò mi ni pé ìwé kọ́ ló gbé e dé ibi tó dé, àìsí ìwé kọ́ ló sì ń pa á lára lónìí. Ẹnu òbí ni ọ̀nà tí èdè náà ń gbà dé ẹnu ọmọ. Ibi tí ẹnu òbí bá ti dákẹ́, kò sí ìwé kankan tó tíì rọ́pò rẹ̀.

Ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ọdún. Ní 1777, C. G. A. Oldendorp tẹ ìwé kan jáde ní èdè Jámánì nípa iṣẹ́ ìhìnrere ìjọ Moravian ní àwọn erékùṣù Caribbean. Nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Ìgbò díẹ̀ wà, tó gbọ́ lẹ́nu àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú dé ibẹ̀. Olaudah Equiano náà fi ọ̀rọ̀ Ìgbò mélòó kan sínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tó jáde ní 1789, Hannah Kilham sì kó tirẹ̀ jọ ní Sierra Leone ní 1828. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ Ìgbò lórí ìwé là ń wá, 1777 tọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ ìwé tí wọ́n ṣe kí ọmọ Ìgbò lè fi kọ́ ìwé kíkà, 1857 ni. Ọ̀rọ̀ méjì ni, wọn kò ta ko ara wọn. Ní ti nsibidi, àwọn àmì tí wọ́n ti ń yà ní agbègbè náà kí òyìnbó tó dé, àmì èrò ni. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè kà á láìka èdè tó ń sọ sí, nítorí náà kì í ṣe àkọtọ́ èdè Ìgbò, n kò sì ní dúró lórí rẹ̀.

Ìwé 1857 yìí kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, ló ṣe é. Ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1841, nígbà tí òun àti J. F. Schön, ọmọ Jámánì, wọ ọkọ̀ ojú omi gòkè odò Ọya. Schön ti kọ́ Ìgbò ní Sierra Leone lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú. Nígbà tó dé Aboh, tó gbé èdè tó kọ́ yìí kalẹ̀ níwájú Obi Ossai, ọba ibẹ̀, kò já mọ́ nǹkan tó rò. Ohun tó kọ́ ni Isoama, èdè tí àwọn Ìgbò láti ìlú oríṣiríṣi jọ ń sọ ní àjò. Ọkàn Schön bà jẹ́, ó sì yí ojú sí èdè Hausa fún ọdún púpọ̀. Síbẹ̀ Isoama yìí náà ni Crowther fi ṣe ìwé ìkọ́wèé rẹ̀ ní 1857, ọdún tí J. C. Taylor, ọmọ Ìgbò tí wọ́n bí ní Sierra Leone, fìdí iṣẹ́ ìhìnrere múlẹ̀ ní Onitsha. Ẹ kíyè sí i: èdè inú ìwé àkọ́kọ́ kì í ṣe èdè tí ìyá kankan fi ń pe ọmọ rẹ̀ wá jẹun ní Onitsha. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìwé àti ilé ti gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Tiwa tètè dúró. Ìpàdé ọdún 1875 ní Èkó ti tún àkọtọ́ Yorùbá ṣe, odindi Bíbélì Yorùbá sì ti wà ní 1884. Ìgbò kò ní odindi Bíbélì títí di 1913, nígbà tí iṣẹ́ Thomas Dennis, àlùfáà CMS (Church Missionary Society, ẹgbẹ́ ajíhìnrere Áńgílíkà), parí. Dennis àti àwọn ọmọ Ìgbò tó bá a ṣiṣẹ́ mú ẹ̀ka-èdè márùn-ún, ti Onitsha, Owerri, Unwana, Arochukwu àti Bonny, wọ́n sì hun wọ́n pọ̀ di ohun tí wọ́n pè ní Union Igbo. Ẹjọ́ tí wọ́n fi kan iṣẹ́ yìí pọ̀. Chinua Achebe ló rò ó le jù. Ó ní èdè tí ìgbìmọ̀ jókòó hun kò lè kọrin, ó sì ti fún lítíréṣọ̀ Ìgbò lọ́rùn. Nígbà tí wọ́n pè é wá sọ̀rọ̀ ní Odenigbo, àpéjọ ọ̀rọ̀ kan ní Owerri, ní 1999, ẹ̀ka-èdè tirẹ̀ ló fi sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹjọ́ yìí yẹ ní gbígbọ́, nítorí pé òǹkọ̀wé ńlá ló rò ó, òótọ́ sì wà nínú rẹ̀. Òǹkọ̀wé tí a bá ní kó fi èdè tí kò sí nílé ẹnikẹ́ni kọ̀wé yóò máa kọsẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí lítíréṣọ̀ falẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kí ọmọ má gbọ́ èdè. Bí Union Igbo bá ti ba èdè jẹ́ lẹ́nu ọmọ ni, ibi tí ìjọ CMS ti fìdí múlẹ̀ jù ni à bá ti kọ́kọ́ rí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni pé àwọn ènìyàn ka Union Igbo ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n sì padà sílé lọ sọ Ngwa, Owerri tàbí Onitsha fún ọmọ wọn ní gbogbo ọjọ́ yòókù. Bíbélì yẹn kò lé èdè kankan kúrò nílé, kò sì gbé kankan wọlé. Mo gbà pẹ̀lú Achebe lórí iṣẹ́ ọnà. N kò gbà pé ibẹ̀ ni ọgbẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìjà àkọtọ́ ni àwọn ìwé ń sọ̀rọ̀ lé jù. Láti ayé Crowther ni àwọn CMS ti ń lo àkọtọ́ tó wá láti ọwọ́ Lepsius, ọmọ Jámánì. Ní 1929, ìjọba fẹ́ fi lẹ́tà tuntun tí àjọ onímọ̀ èdè ní London ṣe fún Áfíríkà rọ́pò rẹ̀. Ìjọ Àgùdà gbà á, CMS kọ̀ ọ́. Bí ìlú ṣe pín sí méjì nìyẹn: ọmọ tó bá kàwé nílé-ìwé Àgùdà á máa wo ìwé ọmọ CMS bíi ti àjèjì. Ida Ward, onímọ̀ èdè, wá láti London, ó wo ẹ̀ka-èdè káàkiri, ó sì dá a lábàá pé kí wọ́n fi èdè àárín ilẹ̀ Ìgbò ṣe ìpìlẹ̀ èdè àjùmọ̀lò. Ìjà náà kò tán títí di 1961, nígbà tí ìgbìmọ̀ tí Dókítà S. E. Ọnwụ darí mú àkọtọ́ onílẹ́tà 36 jáde, tí wọ́n ń lò títí dòní. Òfò rẹ̀ kò kéré. Ìwé ìtàn Pita Nwana, Omenuko, ti gba ẹ̀bùn ní 1933, síbẹ̀ ó di àwọn ọdún 1970 kí Tony Ubesie àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó mú kí ìwé ìtàn Ìgbò máa jáde lemọ́lemọ́. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún 32 tí àwọn àgbà fi ń jà lórí lẹ́tà yìí, kò sí ilé tí ọmọ ò ti gbọ́ akụkọ ifo, ààlọ́ wọn, lálẹ́.

Ìdí tí ẹnu fi ṣe pàtàkì ju lẹ́tà lọ hàn nínú ọ̀rọ̀ kan péré: akwa. Bí ohùn bá wà lókè lẹ́ẹ̀mejèèjì, ákwá, ẹkún ni. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ lókè tó sì wálẹ̀, ákwà, aṣọ ni. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ tó sì gòkè, àkwá, ẹyin ni. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì, àkwà, ibùsùn ni. Yorùbá tó mọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kò nílò àlàyé. Nínú ìwé Ìgbò ojoojúmọ́, wọn kì í sábà fi àmì ohùn sí i. Akwa lásán ni òǹkàwé máa rí. Ọmọ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀ mọ èyí tó jẹ́ ẹyin àti èyí tó jẹ́ ẹkún. Ọmọ tó bá jẹ́ pé inú ìwé ló ti kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ á máa méfò. Ìwé Ìgbò gbà pé òǹkàwé ti mọ èdè nílé kó tó dé; kò sí ẹ̀rí tó lágbára tó èyí lórí ohun tí mò ń sọ.

Níbo wá ni ọgbẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀? Ìtàn ilé-ìwé ló sọ ọ́. CMS ló fi ọwọ́ pàtàkì mú kíkọ́ni ní èdè Ìgbò. Nígbà tí Joseph Shanahan, àlùfáà Àgùdà láti Ireland, dé ní 1902, ó rí i pé Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn òbí ń fẹ́, torí òun ni akọ̀wé ilé ẹjọ́ àti ti ilé iṣẹ́ òyìnbó fi ń jẹun. Ó fún wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, ilé-ìwé rẹ̀ sì kún. CMS rí i pé ọmọ ń bọ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́, ni àwọn náà bá fi kún Gẹ̀ẹ́sì tiwọn. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kórìíra Ìgbò; ọjà ló sọ iye tí èdè kọ̀ọ̀kan ń pa. Láti ibẹ̀ ló ti dé ilé-ìwé tí wọ́n ti ń fìyà jẹ ọmọ tó bá sọ fàǹàkúlà, ó sì ti ilé-ìwé wọ yàrá ìgbàlejò, títí òbí tó gbọ́ Ìgbò yékéyéké fi ń bá ọmọ rẹ̀ sọ Gẹ̀ẹ́sì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Àwọn kan kò káwọ́ gbera. F. C. Ogbalu dá ẹgbẹ́ tó ń gbé èdè àti àṣà Ìgbò lárugẹ sílẹ̀ ní 1949, ó kọ ìwé lórí ìwé, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fìdí èdè àjùmọ̀lò múlẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Mahadum, tí wọ́n ń pe yunifásítì, wà lára ọ̀rọ̀ tuntun tó ti ibẹ̀ di ti gbogbo ènìyàn. Wọ́n tún òǹkà ṣe pẹ̀lú. Ìgbò àtijọ́ ń fi ogún kà bíi tiwa: ogún ni ohu tàbí ọgụ, irínwó ni nnu. Èdè àjùmọ̀lò fi iri abụọ, ìyẹn ẹ̀wá méjì, rọ́pò ogún, kó lè rọrùn fún ọmọ ilé-ìwé. Lónìí, tí wọ́n bá fẹ́ ka nọ́ńbà fóònù, ọ̀pọ̀ kì í lo èyí àtijọ́, wọn kì í lo tuntun, Gẹ̀ẹ́sì ni. Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n òǹkà tí wọn ò fi ná ọjà níṣojú ọmọ kò lè wọ ọmọ lára. Irú rẹ̀ náà ni Ahiajoku, àpéjọ ọ̀rọ̀ lórí Ìgbò tó bẹ̀rẹ̀ ní 1979. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Ó di 1996 kí Odenigbo tó bẹ̀rẹ̀ ní Owerri lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Obinna, kí a tó ní àpéjọ ńlá tí wọ́n ti ń fi Ìgbò sọ ọ̀rọ̀ Ìgbò.

Wọ́n lè bi mí pé ṣé kí òbí wá fi oúnjẹ ọmọ ṣeré nítorí èdè ni. Ilé-Ifẹ̀ ti dáhùn ìyẹn. Láti 1970 ni Babs Fafunwa, onímọ̀ ẹ̀kọ́, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára iṣẹ́ wọn. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tún lè sọ pé èdè Hébérù fi ẹgbẹ̀rún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ wà nínú ìwé, ó sì padà jí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìgbà tí Ben-Yehuda àti ìyàwó rẹ̀ fi Hébérù nìkan tọ́ ọmọ tí wọ́n bí ní 1882 ni jíjí náà bẹ̀rẹ̀. Ìwé tọ́jú rẹ̀. Ẹnu òbí ló jí i.

Àsọtẹ́lẹ̀ 2025 kò gba àríyànjiyàn. Ọdún náà ti dé, àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn ṣì ń sọ Ìgbò. Ṣùgbọ́n kí iye má tàn wá. Nínú ohun mẹ́sàn-án tí àwọn onímọ̀ UNESCO là sílẹ̀ ní 2003 láti fi díwọ̀n ìlera èdè, bóyá òbí ń fi lé ọmọ lọ́wọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ kọ, iye àwọn tó ń sọ ọ́ ló tẹ̀ lé e.

Ìtàn ti àìpẹ́ yìí kò gùn. Google bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ Ìgbò ní 2013. BBC ṣí ẹ̀ka Ìgbò àti ti Yorùbá lọ́jọ́ kan náà ní oṣù Kejì 2018. Ìpínlẹ̀ Anambra ti ṣe òfin lórí lílo èdè náà nígbà Peter Obi. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí fífi èdè abínibí kọ́ni ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní 2022, wọ́n sì fagi lé e ní 2025.

Ohun tí ìjọba fọwọ́ sí, ìjọba lè fagi lé. Kò sí ìjọba tó lè fagi lé ohun tí ìyá ń sọ fún ọmọ nídìí ààrò. Ẹ̀yin òbí, Ìgbò tàbí Yorùbá, ẹ bá ọmọ yín sọ èdè yín lónìí, kí wọ́n tó sùn.