Ẹja Inú Gọ́tà, Ọmọ Ilé Ta Ni?

Bí o bá délé ní Òmù-Àrán, tí o sì kí àgbà obìnrin kan ní ẹnu ọ̀nà, orúkọ rẹ kọ́ ni yóò kọ́kọ́ bi ọ́. "Ọmọ ilé ta ni ọ́?" ni. Bí o bá ti dárúkọ ilé baba rẹ báyìí, oríkì bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìbéèrè yìí ni èmi ọmọ Ìgbómìnà rántí lọ́jọ́ tí ọmọ mi gbé ìgò kan wọlé ní Èkó, tí ẹja wẹ́wẹ́ mẹ́rin ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Inú gọ́tà ló ti bù wọ́n. Mẹ́ta jẹ́ aláwọ̀ eérú, ọ̀kan yòókù ní ìrù aláràbarà. Òun nìkan ni akọ.

Guppy ni òyìnbó ń pè é. Kì í yé ẹyin. Ọmọ ààyè ló ń bí. Ará ilẹ̀ wa kọ́ o. Gúúsù Amẹ́ríkà àti Trinidad ni orírun rẹ̀, Trinidad kan náà tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lọ, tí wọ́n ṣì ń bọ Ṣàngó níbẹ̀ títí dòní. Ọ̀gbẹ́ni Lechmere Guppy fi díẹ̀ ránṣẹ́ láti ibẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sọ ẹja náà ní 1866. Peters ará Jámánì ti kọ nípa rẹ̀ ní 1859, ṣùgbọ́n ta ló rántí Peters? Nítorí pé ó ń jẹ tanwíjí ni àwọn ìjọba ṣe gbé e káàkiri ayé láti fi bá ẹ̀fọn jà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí. Ní 1920, Johannes Schmidt ní Dẹ́ńmákì rí i pé bí akọ kan bá ní ààmì dúdú lára lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀, gbogbo ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ akọ ni yóò ní in, àti ọmọ-ọmọ tí àwọn akọ wọ̀nyí bá bí. Abo kì í ní in, kì í sì í fún ọmọ. Ní 1922, Øjvind Winge, ará ìlú rẹ̀, ṣàlàyé pé inú ohun tín-ín-tín kan tí wọ́n ń pè ní Y ni ààmì náà wà, baba nìkan ló sì ń fún ọmọkùnrin. Kí la ó pe èyí bí kò ṣe orílẹ̀? Àfi pé tiwa kò yọ ọmọbìnrin sílẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ kí ìran kan wà ní ògidì, iṣẹ́ ń bẹ níwájú rẹ̀. Abo tí akọ bá gùn lẹ́ẹ̀kan lè tọ́jú àtọ̀ rẹ̀ sínú fún oṣù mélòó kan, kí ó máa fi bímọ léraléra. Nítorí náà, kí àwọn ọmọ tó bàlágà ni wọ́n ti ń ya akọ sínú àpótí gíláàsì kan, abo sínú òmíràn. Ẹ má sì fi ìyá sí tòsí ọmọ: yóò jẹ ẹ́.

Àmúlùmálà ńkọ́? Ẹja méjì kan wà láti Mexico tí wọ́n bá guppy tan, platy àti swordtail, tí ìrù akọ rẹ̀ gùn bí idà. Swordtail pupa fòò tí wọ́n ń tà lọ́jà, lára platy ló ti gba pupa yẹn. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí 1928, Myron Gordon ní Amẹ́ríkà àti Curt Kosswig ní Jámánì, olúkúlùkù lọ́tọ̀, rí i pé bí platy aláàmì dúdú bá bá swordtail bímọ, tí ọmọ náà sì tún bá swordtail bímọ, ààmì tí kò pa platy lára lè di jẹjẹrẹ lára àwọn ọmọ-ọmọ. Ó wà lára ẹ̀rí àkọ́kọ́ pé ohun àbínibí lè fa jẹjẹrẹ.

Ẹ wo irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn aláriwo ẹ̀jẹ̀ mímọ́ ní Jámánì ayé Hitler! Ṣùgbọ́n platy àti swordtail, irú ẹ̀dá méjì ni wọ́n; ará Jámánì àti Júù, ẹ̀dá kan náà ni. Kosswig fúnra rẹ̀ sá kúrò níbẹ̀ ní 1937, ó lọ ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Istanbul, kò sì padà sí Jámánì títí di 1955.

Ọ̀kan nínú àwọn abo inú ìgò ọmọ mi ti bí mẹ́tàdínlógún. Akọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló mọ ẹni tí ìyá wọn ti bá pàdé nínú gọ́tà? Mò ń dúró de ìgbà tí ìrù àwọn akọ bá yọ àwọ̀.