Bí Ọ̀tá Méjì Ṣe Di Ọwọ́ Ọ̀tún àti Òsì ní Kàdúná

Ẹ̀yin àgbà tó jókòó sórí àga, ẹ̀yin èwe tó wà lórí ẹní, ẹ sún mọ́ mi. Ìtàn tí mo gbé dání lónìí kì í ṣe ìtàn iwin. Kò sí ẹranko tó fọhùn nínú rẹ̀, kò sì sí igi tó rìn. Ènìyàn ẹlẹ́ran ara bí èmi bí ẹ̀yin ló ni ín. Síbẹ̀, bí mo bá ti rántí rẹ̀, orí mi a máa wú.

Ní ìlú Kàdúná, níbi tí odò ti la ìgboro sí méjì, ọmọ sójà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ James Wuye. Láti kékeré ló ti fẹ́ràn eré ogun. Nígbà tó dàgbà, ó di èèkàn láàárín àwọn ọ̀dọ́ onígbàgbọ́: ó mú Bíbélì lọ́wọ́ kan, ó ń fi ọwọ́ kejì kó jagunjagun jọ. Ní ìlú kan náà ni Muhammad Ashafa gbé, ọmọ ìdílé tí lèmọ́mù ti ń bí lèmọ́mù láti ìran dé ìran. Òun náà ní ọ̀dọ́ Mùsùlùmí tó tò sẹ́yìn rẹ̀. Ibi tí ti ìhín ń rò sí ti ọ̀hún, òun náà ni ti ọ̀hún ń rò sí ti ìhín.

Ọdún 1992 ni iná sọ. Ẹ gbọ́ ohun tó dá a sílẹ̀, kí ẹ lè mọ bí ìwà òmùgọ̀ ọmọ aráyé ti jinlẹ̀ tó: ọjà ni! Wọ́n fẹ́ ṣí ọjà ìlú Zangon-Kataf, ní ìpínlẹ̀ Kàdúná, kúrò níbi tó wà lọ síbòmíràn. Àwọn ẹ̀yà Atyap ní bẹ́ẹ̀ ló tọ́, àwọn Háúsá oníṣòwò ní àwọn ò gbà. Ọjà tí ènìyàn ń lọ ra ata, ibẹ̀ ni wọ́n ti para wọn nínú oṣù Kejì. Nínú oṣù Karùn-ún, ó tún bẹ́, kò sì dúró síbẹ̀ mọ́; ó gun títì, ó wọ Kàdúná, ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ru mọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, aládùúgbò kò mọ aládùúgbò mọ́.

Níbi tí Wuye ti ń dáàbò bo ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti lọ. Ọwọ́ tí a fi ń jẹun, ọwọ́ tí a fi ń súre fún ọmọ, ó lọ! Ní apá kejì, àwọn onígbàgbọ́ pa arúgbó tó kọ́ Ashafa ní ìmọ̀ Ọlọ́run, wọ́n sì pa ọmọ ẹbí rẹ̀ méjì. Ẹni tó pàdánù ọwọ́ àti ẹni tó pàdánù olùkọ́, ta ló jèrè nínú wọn? Ọdún mẹ́ta gbáko ni àwọn méjèèjì fi ń wá ẹ̀jẹ̀ ara wọn.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan wá pé, Ashafa wà ní mọ́ṣáláṣí, oníwáàsí ń sọ bí Ànọ́bì Muhammadu ṣe lọ pe àwọn ará Taif sọ́nà Ọlọ́run, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ lókò títí ẹ̀jẹ̀ fi kún bàtà rẹ̀, bí máléékà ṣe bá a pé bó bá fẹ́, òkè méjì yóò wó lu ìlú náà, àti bí Ànọ́bì ṣe kọ̀, tó ní bóyá ọmọ wọn lẹ́yìn ọ̀la yóò sin Ọlọ́run. Omi bọ́ lójú Ashafa. Àfi bí ẹni pé òun nìkan ṣoṣo ni wọ́n ń bá wí nínú gbogbo ìjọ.

Ẹ wá wo iṣẹ́ kádàrá. Nítorí àjẹsára ọmọdé ni wọ́n ṣe pe àwọn aṣáájú ìlú jọ ní ọdún 1995. Akọ̀ròyìn kan tó mọ àwọn méjèèjì fà wọ́n pàdé ara wọn níbẹ̀, ó ní wọ́n lágbára láti mú kí ìlú tòrò, kí wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń wá fún ọmọdé, àgbà ló kọ́kọ́ gbà á!

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé oògùn náà jẹ́ lọ́jọ́ kan. Ara ń fu Pásítọ̀ Wuye. Nígbà tí ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn, Lèmọ́mù Ashafa kó àwọn àfáà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dání, wọ́n lọ kí ìyá. Ìyá ọ̀tá wọn! Ẹni tó bá bá ni kí ìyá ẹni lórí àìsàn, báwo la ṣe fẹ́ máa pè é ní ọ̀tá? Síbẹ̀ náà, ìkórìíra kò tíì tán. Pásítọ̀ fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ fáráyé pé nígbà tí àwọn jọ rìnrìn àjò, tí àwọn sì jọ sùn sí yàrá kan, ó ń ṣe òun bíi kí òun fi ìrọ̀rí bo Lèmọ́mù nímú pa. Ẹ dúró díẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo yàrá náà. Ọ̀kan sùn, ó ń hanrun. Èkejì ò sùn. Ìrọ̀rí kò jìnnà. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló kù fún un, ọwọ́ kan náà sì tó ìrọ̀rí í gbé. Ogun tó jà lóru yẹn, kò sí ìbọn níbẹ̀, kò sí àdá, ṣùgbọ́n mo sọ fún yín pé ó le ju ti ìta gbangba lọ. Wuye ló sì ṣẹ́gun Wuye. Ilẹ̀ mọ́, Lèmọ́mù jí, ó kírun. Onígbàgbọ́ kan ló wá la Pásítọ̀ lójú pé ẹni tó gbé ìkórìíra sínú kò lè wàásù Kristi.

Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Ẹni tí ò ní ọ̀tún mọ́ rí ọ̀tún mìíràn lára ẹni tó fẹ́ pa á. Wọ́n dá ilé iṣẹ́ onílàjà sílẹ̀ ní Kàdúná, Interfaith Mediation Centre. Ní ọdún 1999 wọ́n jọ kọ ìwé nípa ohun tójú wọn rí. Ọ̀rọ̀ òfin Ṣàríà tún dá iná sílẹ̀ nínú oṣù Kejì ọdún 2000, ẹ̀mí ṣòfò lọ súà, odò tó la ìlú wá di ààlà: onígbàgbọ́ kó lọ sí gúúsù, Mùsùlùmí kó lọ sí àríwá. Ẹlòmíràn ìbá ti káwọ́ lérí. Àwọn méjì yìí ń kan ilẹ̀kùn àwọn aṣáájú ẹ̀sìn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tí àwọn yẹn fi fọwọ́ sí Ìkéde Àlàáfíà Kàdúná nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2002. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìjà tún bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n tún padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, àwa tí ẹ̀gbọ́n ń pa àgbò Iléyá tí àbúrò ń gbé ìrẹsì Kérésì kiri, ẹ má jẹ́ ká fi ìyẹn ṣe fáàrí. Ọjà lásán ló tó láti tú ìlú.

Iṣẹ́ onílàjà méjèèjì náà kò mọ sí Kàdúná. Ní Yelwa, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ọdún 2004, wọ́n pa onígbàgbọ́ nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì nínú oṣù Kejì. Nínú oṣù Karùn-ún, wọ́n pa nǹkan bí 700 Mùsùlùmí. Ibẹ̀ ni Pásítọ̀ àti Lèmọ́mù wọ̀ lọ. Wọ́n jókòó ti àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀, wọ́n jẹ́ kí oníkálukú sọ ohun tó ń dùn ún títí ó fi tán nínú rẹ̀, ẹni tó pa àti ẹni tí wọ́n pa tirẹ̀ jọ wà lójú kan. Ní ọdún 2005, ìlú náà ṣe àjọ̀dún àlàáfíà. Lẹ́yìn ìjà ìbò tó bẹ́ ní Kẹ́ńyà ní ìparí ọdún 2007, Pásítọ̀ àti Lèmọ́mù dé ìlú tó ń jẹ́ Burnt Forest, ìyẹn igbó tó jóná, láti bá ẹ̀yà Kalenjin àti Kikuyu parí ìjà.

Ní ọdún 2025, ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn àlàáfíà Commonwealth. Ènìyàn méjì ló gbà á, ọwọ́ ẹlẹ́ran ara mẹ́ta.